Àjẹ́ Ké Lánàá: Jàǹbá Ohun Èlò Ogun àti Ìfura Ọwọ́ Ọ̀tá

Òwe kan wà tí àwọn àgbà Yorùbá máa ń fi gbe ẹjọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá dójú ọ̀gbagadè: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ènìyàn bá fi etí lásán gbọ́ ọ, yóò dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, pé kò sí ohun tí ó kù láti bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wíwádìí ìdí tí ẹ̀rọ fi ń pa àwọn tí ń lò ó mọ̀ pé ibi tí òwe náà parí sí gan-an ni iṣẹ́ olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé igbe àná àti ikú òní lè jẹ́ ọ̀ràn méjì tí kò bára wọn tan rárá. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó bẹ́ẹ̀ ní sáà tí a wà yìí bí kò ṣe nínú jàǹbá ohun èlò ogun, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun, níbi tí ìfura ti máa ń ṣáájú ẹ̀rí dé pé ọ̀tá kan ti gba ojú afẹ́fẹ́ tàbí inú kọ̀ǹpútà wọlé, tí ó sì ba nǹkan jẹ́ láìfi ìka kàn án.

Ọdún 2017 ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò jù lọ. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin ló ṣe jàǹbá ní apá ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì. USS Antietam fi ìdí gbá ilẹ̀ nísàlẹ̀ omi nítòsí Yokosuka ní Japan; USS Lake Champlain àti ọkọ̀ apẹja kan láti Kòríà Gúúsù kọlu ara wọn; ní òru ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, USS Fitzgerald àti ọkọ̀ akẹ́rù ACX Crystal kọlura ní etíkun Japan, atukọ̀ ogun 7 sì kú; nígbà tí ó di ìdájí ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, USS John S. McCain àti ọkọ̀ agbépo Alnic MC tún kọlura nítòsí Singapore, 10 mìíràn sì bá a lọ. Ọkọ̀ méjèèjì tí ènìyàn kú sínú wọn yìí ní rédà tí ó lè tọpa misáìlì lójú ọ̀run, nítorí náà kò yé aráyé bí irú wọn ṣe lè kùnà láti yẹra fún ọkọ̀ agbépo tí gígùn rẹ̀ lé ní 180 mítà.

Igbe àjẹ́ náà sì wà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn jàǹbá Fitzgerald, ó kéré tán ọkọ̀ 20 nítòsí èbúté Novorossiysk lórí Òkun Dúdú rí i pé GPS wọn ń sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, ní pápákọ̀ òfuurufú Gelendzhik. GPS ni ètò tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ó dúró sí: àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè ń fi àmì rédíò ránṣẹ́, wọ́n sì ń sọ àkókò tí àmì kọ̀ọ̀kan gbéra, ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò wá fi ìyàtọ̀ àwọn àkókò náà ṣírò ibùdó rẹ̀. Nítorí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àárẹ̀ ti mú àmì náà kí ó tó dé ilẹ̀, kò sì nira fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó yẹ láti fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ nǹkan kan mọ́, tàbí láti ṣe èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé kí ó gbé àmì èké tí ó jọ òótọ́ jáde, tí ẹ̀rọ yóò gbà gbọ́, tí yóò sì máa tọ́ atukọ̀ sí ibi tí kì í ṣe ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Texas ní Austin ti fi ọ̀nà kejì yìí yí ojú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan padà lórí Òkun Mẹditaréníà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni ín, aago ìkìlọ̀ kankan kò sì dún nínú ọkọ̀ náà. Ìgbà tí McCain wá kọlu Alnic, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: àjẹ́ ké ní oṣù Kẹfà, ọmọ kú ní oṣù Kẹjọ.

Ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìfura yìí, ó sì ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ tí jàǹbá McCain ṣẹlẹ̀ gan-an ló ti sọ pé kò tíì sí àmì pé ẹnikẹ́ni já wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n pé ìwádìí yóò wo gbogbo ohun tí ó bá ṣeé ṣe. Wọ́n sì rán àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà lọ sí Singapore. Wọn kò rí ọwọ́ ọ̀tá. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ òkun kò sì retí pé GPS ni wọn yóò bá nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé àmì tí a fi kóòdù dì ni ẹ̀rọ àwọn ọmọ ogun ń lò, àti pàápàá nítorí pé kò sí atukọ̀ tí ń fi GPS yẹra fún ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀: ojú ni, rédà ni, iná ara ọkọ̀ kejì ni. Ohun tí àwọn olùwádìí rí, àti èyí tí àjọ NTSB tí ń wádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019, yẹ ní fífara balẹ̀ tẹ̀ lé.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí yẹn, ọ̀gá ọkọ̀ McCain ṣàkíyèsí pé apá ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kò ká iṣẹ́ méjì tí ó ń ṣe pọ̀: ó ń mú ìtọ́kọ̀, ìyẹn irin fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ìdí ọkọ̀ tí ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì tún ń mú eré. Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n pín in, kí ìtọ́kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí eré bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀pá kan tí ẹnìkan lè fà lé ẹnì kejì lọ́wọ́; ojú ẹ̀rọ tí a ń fi ìka tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ìtọ́kọ̀ bá eré lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yí ọkọ̀, ọkọ̀ kò gbọ́, ó kígbe pé òun kò lè tu ọkọ̀ mọ́. Ìtọ́kọ̀ tí ó ti tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà padà sí àárín gbùngbùn nígbà tí ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni imú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì. Wọ́n pàṣẹ pé kí eré dínkù; ṣùgbọ́n apá méjì ni ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀ náà pín sí, ojú ẹ̀rọ kò sì so méjèèjì pọ̀ ní àkókò yẹn, nítorí náà apá òsì nìkan ló rọlẹ̀, apá ọ̀tún ń bá eré rẹ̀ lọ, èyí tí ó túbọ̀ ti imú ọkọ̀ bọ́ sí iwájú Alnic MC. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí wọ́n fi rí ìdarí gbà padà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu; imú ọkọ̀ agbépo náà gún ẹ̀gbẹ́ òsì McCain ní ibi tí àwọn atukọ̀ sùn sí.

Ó tọ́ kí a dúró lórí igbe ọ̀dọ́ atukọ̀ yẹn. Lójú rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí pé ọwọ́ àìrí kan já ọkọ̀ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ bá ti bá iṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, tí ohun tí ẹ̀rọ kọ sínú ara rẹ̀ sì ṣègbé sínú omi, igbe yẹn nìkan ni ìbá kù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ta ni ìbá sì lè jiyàn pé kì í ṣe ọ̀tá ló gba ọkọ̀? Síbẹ̀ ìdarí tí wọ́n ń wá kò lọ jìnnà. Ọwọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Lára àwọn tí ó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni àwọn tí wọ́n yá wá láti inú Antietam, ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ìtukọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì wọ́n dáadáa láti kọ́ wọn.

Àjọ GAO, tí ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ti kìlọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, kí ẹnikẹ́ni tó kú, pé ìwádìí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fúnra wọn ṣe fi hàn pé àwọn atukọ̀ ń wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 108 lọ́sẹ̀ kan. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ 108 lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí tí kò pé mẹ́sàn-án lójúmọ́ ló kù fún un láti jẹun, wẹ̀, fọṣọ, kàwé, kí ó sì tó kan oorun. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹfà, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé ẹ̀rí ìmúrasílẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ tí ibùdó wọn wà ní Japan gbọ́dọ̀ ní ni àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kò nílò láti já wọ kọ̀ǹpútà kankan, nítorí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ ogun máa ń fèsì pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìyẹ. Pé ọ̀tá ló yẹ kí a mú ojú lé, kí a tó wá bá àwọn ọmọ tiwa wí. Òwe náà kò ní àbùkù níbi tí gbogbo ojú bá ti rí akátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lé akátá tí kò rí yóò padà dé bá adìyẹ mìíràn ní òkú. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ ni ó wà láàárín Fitzgerald àti McCain. Ní 2019, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ ojú ẹ̀rọ títẹ̀ kúrò nídìí eré ọkọ̀, àwọn yóò sì dá ọ̀pá tí a ń fọwọ́ tì padà, nítorí pé ohun tí àwọn atukọ̀ sọ pé àwọn fẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Ká ní wọ́n ti gbé ẹ̀bi náà rù ọ̀tá ni, kò sí ẹni tí ìbá fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ yẹn títí di òní.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi jàǹbá 2017 parí èrò pé ìfura ọwọ́ ọ̀tá kò ju ìran àlá lọ ti ṣe àṣìṣe tí ó tó ti ẹni tí ó fi òwe àjẹ́ dájọ́. Ní Natanz, ní orílẹ̀-èdè Iran, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ gbọọrọ ni wọ́n kó jọ, tí ń yí pẹ̀lú eré àrà ọ̀tọ̀ láti ya uranium tí wọ́n ń wá kúrò lára èyí tí wọn kò fẹ́. Ní nǹkan bí 2009 sí 2010, àwọn ẹ̀rọ náà ń bàjẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ojú ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ sì ń sọ pé àlàáfíà ni. Oṣù Kẹfà 2010 ni iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Belarus rí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a wá mọ̀ sí Stuxnet. Iná tí ń yí àwọn ẹ̀rọ náà, tí ó yẹ kí ó máa gbọ̀n ní ìgbà 1,064 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kòkòrò náà ń gbé lọ sí 1,410, tí yóò tún já a wálẹ̀ sí 2, kí ó tó dá a padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀. Ó sì ti gba ohun tí ẹ̀rọ ìṣọ́ ń rí nígbà tí ara dá ṣáṣá sílẹ̀, òun ló ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí ó ń ṣọṣẹ́ lọ́wọ́. Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì ni ayé ń tọ́ka sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba méjèèjì kò jẹ́wọ́ ní gbangba. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹnìkan ló fọwọ́ gbé kòkòrò náà kọjá ẹnu ọ̀nà, bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí a bá gbé Natanz àti McCain sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tí ó wà níta kò lè mọ ìyàtọ̀: níbi méjèèjì, ẹ̀rọ ṣe ohun tí a kò rán an, ojú ẹ̀rọ kò sì sọ òótọ́ fún ẹni tí ń wò ó. Ní ọ̀kan, ẹni tí ó ṣe ojú ẹ̀rọ náà ni kò ro ti ẹni tí yóò lò ó lójú oorun; ní èkejì, ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ẹ̀rọ ní irọ́ pípa ni. Ọ̀tá tí ó gbọ́n yóò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ jọ àárẹ̀, kí ó jọ ìpẹ́, kí ó jọ àìbìkítà, kí a lè máa bú ara wa. Nítorí náà ìrísí jàǹbá kò lè dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Títú inú ẹ̀rọ wò ni yóò sọ.

Iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá já tàbí tí ìbọn ńlá bá bú, irin tí ó ṣẹ́ àti wáyà tí ó jó ni wọn yóò gbé sórí tábìlì, irin kì í sì í purọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1967, nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan fò jáde fúnra rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan lórí ọkọ̀ ogun ojú omi USS Forrestal, ó lu ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, epo gbiná, bọ́ǹbù ń bú, ènìyàn 134 sì kú. Ojú ogun ni wọ́n wà. Kò sí ẹni tí ìbá bá wọn jà bí wọ́n bá ní ọ̀tá ló ṣe é. Àwọn olùwádìí tọ wáyà dé ìdí: iná mànàmáná ru sókè lójijì nígbà tí awakọ̀ ń yí kúrò lórí iná ìta bọ́ sórí iná ọkọ̀ tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ki okùn iná rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ ihò rẹ̀ ṣáájú àkókò tí òfin là sílẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn láìṣẹ́ irin kankan. Ìwé kan tí iléeṣẹ́ NASA tẹ̀ jáde ní 1995 ka hẹlikópítà Black Hawk márùn-ún tí ó já láàárín 1981 sí 1987, ó sì sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fò sún mọ́ òpó rédíò jù, tí ìgbì rédíò náà wọ inú ohun tí ń darí wọn. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Àwọn tí ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ní Dhahran, ní Saudi Arabia, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1991 nítorí pé ẹ̀rọ Patriot tí ó yẹ kí ó já misáìlì Scud lulẹ̀ kò yìn rárá. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka àkókò ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, irú oǹkà tí kọ̀ǹpútà ń lò kò sì lè kọ ìdámẹ́wàá tán pátápátá, ègé bíńtín kan á máa ṣẹ́kù. Wọn kò pa ẹ̀rọ náà fún nǹkan bí wákàtí 100. Ègé bíńtín náà kóra jọ di 0.34 ìṣẹ́jú àáyá, àkókò tí Scud fi ń sáré ju ìdajì kìlómítà lọ, nítorí náà ibi tí kò sí nǹkan kan ni Patriot ń wò. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tún ṣe dé Dhahran ní ọjọ́ kejì ikú wọn. Bí a bá tú Patriot yẹn sí wẹ́wẹ́, irin rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ pé. Olùwádìí tí irin nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kà ìbá padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ọwọ́ òfo olùwádìí sì ni ìfura máa ń fi ṣe ilé.

Ìyípadà yìí ló jẹ́ kí ìfura dàgbà. Nígbà tí ohun tí ó fa ikú bá ti di ohun tí a kò lè fi ojú rí, gbogbo ohun tí a kò lè fi ojú rí ni a lè fẹ̀sùn kàn. Nígbà tí péjà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gba ìròyìn kúkúrú, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hezbollah bú gbàmù káàkiri Lebanon ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 2024, tí rédíò àfọwọ́gbé wọn sì tún bú ní ọjọ́ kejì, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ gbà gbọ́ ni pé ẹnìkan ti ojú afẹ́fẹ́ mú kí bátìrì wọn gbóná. Ọwọ́ ọ̀tá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba ojú afẹ́fẹ́: ohun abúgbàmù ni wọ́n ti fi pamọ́ sínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà wọ́n. Ìfura tí ó bá ọ̀daràn mu lè ṣìnà lórí ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ẹni tí ó bá sì dí ọ̀nà tí kò tọ́ ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ojúkòkòrò pẹ̀lú máa ń wọ aṣọ ọ̀tá. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun gbé jáde ní 2012 ka nǹkan bí 1,800 ìgbà tí wọ́n fura sí ayédèrú nínú àwọn ohun èlò ogun láàárín 2009 sí 2010, iye ègé náà sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ìròyìn náà sọ bí wọ́n ti ń ṣe é ní China: wọ́n á yọ ṣíípù kúrò lára kọ̀ǹpútà tí aráyé ti jù nù, lórí iná, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú odò, wọ́n á sá a sí ẹ̀bá títì, wọ́n á ha orúkọ àtijọ́ kúrò lójú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ orúkọ tuntun lé e, kí ó lè dà bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléeṣẹ́ bọ̀. Irú rẹ̀ ti dé inú ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù C-130J, nínú ojú ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń wò. Bí ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀run lóru, tí ọkọ̀ sì já, kí ni a ó pè é? Ẹni tí ó ha ojú ṣíípù náà kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Owó ló ń wá.

Ohun mìíràn wà tí ó mú kí ìfura wu ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá 2011, ọkọ̀ òfuurufú aláìlawakọ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní RQ-170 bọ́ sọ́wọ́ Iran. Àwọn ará Iran ní ọgbọ́n àwọn ló fi tàn án sọ̀kalẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ náà ló ní àléébù. Ìhà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ó bá iyì rẹ̀ mu. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni òṣìkà, nínú irú ọ̀ràn yìí sì rèé, ẹjọ́ àwọn méjèèjì pàápàá kò tó, nítorí pé ọ̀tá a máa gba ògo ohun tí kò ṣe, olówó ẹ̀rọ a sì máa sẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ti àwọn ọ̀gá tí ọkọ̀ wọn ṣe jàǹbá, ìtùnú ńlá ni ọ̀rọ̀ ọ̀tá jẹ́, torí ẹni tí ọ̀tá ṣẹ́gun kì í jíhìn wákàtí 108. A kò gbọ́dọ̀ fi ìtùnú yẹn fún wọn láìsí ẹ̀rí, bí ó ti wù kí ọ̀fọ̀ gbóná tó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1992, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù C-130 ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà gbéra ní Ìkẹjà, ó sì já sínú irà ní Èjìgbò láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Ó lé ní ènìyàn 150 tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ ogun. Láti ìgbà yẹn ni ẹnu ti ń kùn pé ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìkùnsínú náà kò sì tíì tán. Ẹnikẹ́ni kò lè bú àwọn tí ń kùn, nítorí pé níbi tí ìwé ìwádìí kò bá ti sí lójú ọjà kí aráàlú kà á, òwe àjẹ́ ni yóò jókòó sórí àga adájọ́. Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ mọ bí McCain ṣe kọlu Alnic lè kà á ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, kí ó sì bá àwọn tí ó kọ ọ́ jiyàn. Èyí nìkan ni oògùn tí ó ká ìfura láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti wà.

Nísinsìnyí, ohun èlò tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń lò ti di èyí tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀; ọkọ̀ òfuurufú Super Tucano 12 ló dé láti Amẹ́ríkà ní 2021, ti orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní kọ́kọ́rọ́ ètò tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já lọ́la, ẹni tí ó tà á ni yóò sọ ohun tí ó pa á, bí ọwọ́ ẹni kò bá sì tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Nítorí náà, kí àwọn tí ń buwọ́ lu ìwé rírà ohun èlò ogun bèèrè nǹkan méjì kí wọ́n tó san kọ́bọ̀: ẹ̀tọ́ láti ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sínú ara rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, àti ìwé tí ó sọ ibi tí ṣíípù inú rẹ̀ ti wá. Kí wọ́n rán àwọn ọmọ tí yóò lè kà á lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì kà á tán, kí wọ́n fi ìwé náà lé àwọn ẹbí tí ó ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ pé ọ̀tá ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, ìbáà sì jẹ́ pé inú ilé ni ikú ti jáde.